Irọ́ Tí Mo Pa fún Adájọ́

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025

Òtútù Johannesburg ti dé, kò sì kan ilẹ̀kùn. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀, mo wọ ẹ̀wù òtútù ọkọ ọmọ mi lé búbá, mo tún ró ìró mẹ́ta. Fèyíkẹ́, ọmọ-ọmọ mi, wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Grandma, you look like a sofa." Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mo lọ wo dígí. Òótọ́ ló sọ.

Ìwé tuntun nìyí, kí n tètè to àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ilé Motúnráyọ̀ ọmọ mi ni mo wà, ní Mayfair. Ọ̀dítọ̀ ni mo ń pè é níbí — iṣẹ́ rẹ̀ ni, ìwà rẹ̀ náà ni. Bí ẹran kan bá dín nínú ìkòkò, á béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Ọláwọlé, ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà, kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ lóòjọ́. Ẹni Jẹ́jẹ́ nìyẹn.

Aago mẹ́wàá, fóònù dún. Láti ilé. Ohùn obìnrin kan, kedere bí agogo ilé-ìwé: "Ẹ kú àárọ̀ Mà. Roseline lorúkọ mi. Èmi ni lọ́yà Tèmítáyọ̀."

Mo pa fóònù. Mo lọ ṣa ẹ̀wà.

Tèmítáyọ̀ ni ìyàwó ọmọ mi. Òun ló gún ọmọ mi pa — Adéolúwa mi. Yóò pé ọdún mẹ́wàá ní oṣù Kẹwàá. Kóòtù ní kí wọ́n yẹgi fún un. Fèyíkẹ́ tó pè mí ní sófà, àwọn méjèèjì ló bí i. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti wà lọ́wọ́ Ọ̀dítọ̀. A kì í dárúkọ ìyá rẹ̀ nínú ilé yìí. Òfin Ọ̀dítọ̀ ni.

Ní ti ẹ̀wà — òkúta ni mo dà sínú ìkòkò, ẹ̀wà ni mo dà nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún

Lọ́yà yẹn tún pè. Mo tún pa á.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Karùn-ún

Kò pè mọ́. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ojú ìwé kan nínú ìdájọ́ ọdún 2017. Fèyíkẹ́ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú, nítorí náà mo fẹ̀ ẹ́.

Adájọ́ kọ ọ́ nípa mi pé ìyá olóògbé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, jẹ́ ẹlẹ́rìí òtítọ́. Pé kò sí ìbéèrè tó mì ín. Pé nítorí ẹ̀rí rẹ̀ ni kóòtù kò ṣe gbà gbọ́ pé ọkọ ń na olùjẹ́jọ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kíní gẹ́gẹ́ bíi tíṣà. Gírámà rẹ̀ dára. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, orí mi wú díẹ̀ — ẹlẹ́rìí òtítọ́, ó ṣe tán. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, tíì mi ti di omi dídì.

Nítorí pé irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún

Mo gbé fóònù rẹ̀ lónìí. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Kò fún mi láyè.

Ó ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní 2020. Adájọ́ mẹ́ta. Méjì ní kí wọ́n yẹgi, ẹnì kan ní rárá. Ẹnì kan yẹn ní nǹkan kan sonù nínú ẹ̀rí ìyá olóògbé, òun ò sì mọ ohun tó jẹ́. Ní báyìí, ó ku kóòtù tó ga jù lọ l'Ábújà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò síbi tí wọ́n tún ń pe ẹjọ́ lọ.

Ó ní, "Mi ò ní bẹ̀ yín, Mà. Ìbéèrè kan péré ni. Ṣé òótọ́ lẹ sọ ní kóòtù?"

Mo ní, "Ta ló bí ẹ?"

Ó ní, "Ìyá tó máa ń nà mí tí mo bá purọ́ ni, Mà."

Mo fẹ́ràn ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Karùn-ún

Ọdún márùndínlógójì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ọmọ mélòó ni mo nà nítorí irọ́? Orúkọ wọn ń wá sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ti di bíṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Ìjọ wa ní Hillbrow wà ní àjà kẹrin ilé gogoro kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ti kú kí n tó dé ìlú yìí. A gun àtẹ̀gùn, a bọ́ bàtà bí ìlànà. Ilẹ̀ tutù bí yìnyín. Wòlíì ríran. Ó ní òun rí ìyá àgbà kan tó jókòó lé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ó ní kí ẹni náà jáde wá. Ìyá àgbà mẹ́rìnlá la wà nínú ìjọ. Gbogbo wa la jáde.

Lẹ́yìn ìsìn mo bá Ìyá Micah lọ sí ilé oúnjẹ rẹ̀ nísàlẹ̀. Òun nìkan lọ̀rẹ́ mi nílùú yìí. Opó ni, ọmọ Ìbàdàn, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Mo ní mi ò lè jẹun, ọkàn mi ò balẹ̀. Ó gbé iyán síwájú mi, ó ní, "Ẹ jẹun ná, kí inú yín rọ̀."

Mo bú sẹ́kún. Gbogbo oníbàárà yíjú sí wa. Ìyá Micah rò pé ọbẹ̀ ló fà á, ó tọ́ ọ wò.

Ohun tí mo sọ fún Adéolúwa gan-an nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, ẹ múra kí ẹ wá gbé òkú obìnrin yìí fún bàbá rẹ̀, nítorí mo máa pa á lónìí." Mo ń gbọ́ igbe obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Adé, lọ jẹun kí inú rẹ rọ̀." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo padà sídìí ìrẹsì mi. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi pè mí pé Adé fúnra rẹ̀ ló kú. Ó fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn mọ́ ògiri kíṣìnì; ọ̀bẹ tí obìnrin náà fi ń rẹ́ ilá ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

Kì í sì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tèmítáyọ̀ sá wá bá mi. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti fi P.O.P. di apá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà, pẹ̀lú iṣu, kó lọ gún un fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí ní kóòtù, mo ní ọmọ mi kì í gbọ́wọ́ sókè sí obìnrin. Mo ní kò pè mí lọ́jọ́ náà. Lọ́yà tí wọ́n fún Tèmítáyọ̀ nígbà yẹn kò tilẹ̀ béèrè àkọsílẹ̀ fóònù. Ó ń wo aago.

Èmi ni mo bí i. Ọmọ mi ni. Ọmọ mi náà ló ń na ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Micah gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Kò bú mi. Ó rọra gbé abọ́ iyán náà kúrò níwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tún gírámà mi ṣe."

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń lé e bá. Tèmi lo ọdún mẹ́jọ péré. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sá.

Mo pe Roseline. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Micah. Ó ní kí n dúró kí òun mú báírò. Lẹ́yìn náà ó ní a máa kọ ìwé ìbúra, òun á fi í bẹ kóòtù kí wọ́n gba ẹ̀rí tuntun. Ó ní kí n mọ̀ o, wọ́n lè fi ẹjọ́ irọ́ pípa lábẹ́ ìbúra kàn mí. Mo ní mo mọ̀. Mo ní ẹ̀wọ̀n wọn ò ní tutù tó yàrá tí mo wà yìí.

Ọ̀dítọ̀ ò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Mo sọ fún Ọ̀dítọ̀ pé ìpàdé àwọn ìyá ìjọ wà. Irọ́ kìíní.

Ìyá Micah ló ní ọlọ́pàá ló ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìbúra lórílẹ̀-èdè yìí, ọ̀fẹ́ ni. A lọ sí àgọ́ wọn pẹ̀lú ìwé tí Roseline fi ránṣẹ́, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì. Wákàtí méjì lórí ìlà. Ọlọ́pàá náà ò kà á. Ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè, ó bu òǹtẹ̀ lù ú — gbàù, gbàù, gbàù. Mo jẹ́wọ́ níwájú ìjọba pé mo purọ́ tí wọ́n fẹ́ fi yẹgi fún èèyàn, ó ní, "Shap, gogo. Next."

Ó dára ni shap, ìyá àgbà ni gogo. Ó tiẹ̀ bi mí bóyá mo ní òmíràn tó nílò òǹtẹ̀. Ìyá Micah mú káàdì ìbí ọmọ rẹ̀ jáde. Ó lù ú sí ìyẹn náà.

Roseline wo fọ́tò rẹ̀. Ó ní, "Mà, ìyẹn dára fún ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀. Tiwa, nótárì ni."

Mo ti ìwé ọlọ́pàá bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Mo ní mo ń lọ rí dókítà ojú. Irọ́ kejì. Fèyíkẹ́ ní, "Then why are you wearing your church shoes?" Mo ní dókítà náà, Kristẹni ni. Irọ́ kẹta, n kò sì múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìlú yìí, ìka lèèyàn fi ń bá takisí sọ̀rọ̀. Ìka kan sókè, ó ń lọ sáàárín ìlú. Àwọn ìka yòókù ní ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi ò mọ̀, gbogbo ọwọ́ ni mo nà, bí mo ṣe máa ń kí bọ́ọ̀sì ìjọ. Takisí dúró, mo wọlé, mo kí gbogbo èèyàn. Nígbà tí mo tún máa wo ìta, kò sí Newtown tí mo ti fẹ́ lọ bá nótárì, kò sí ilé tí mo mọ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì mí pariwo fún dẹ́rẹ́bà pé kó já gogo sílẹ̀ ní robot, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí. Òun náà sọ̀kalẹ̀, ó mú mi lọ́wọ́, ó fi mí sínú òmíràn. Ó na ìka mi fún mi, ọ̀kan péré, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Nótárì ní Newtown: ọmọkùnrin kan, kò tíì pé ogójì, yẹtí wà ní etí rẹ̀ kan. Ó ti tẹ ìwé Roseline jáde. Ó ní kí n kà á kí n tó fọwọ́ sí i. Mo kà á. Èèyàn dáadáa ni Roseline, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ò bá olùwà wọn lọ. Mo mú báírò pupa mi jáde nínú báàgì.

Nótárì ní, "Mama, please." Ó ní ibi tí mo bá ti tún un ṣe, àwa méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní kò burú. Ibi mẹ́tàlélógún ni. Nígbà tó fi di ìkejìdínlógún, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìka tọ́ka sí àṣìṣe.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Karùn-ún

Wàhálà. Roseline pè. Ó ní nínú ìwé ìrìnnà mi, wọ́n bí mi ní 1955. Nínú àkọsílẹ̀ kóòtù, mo sọ ọjọ́ orí tó túmọ̀ sí 1952. Lọ́yà ìjọba á ní èèyàn méjì ni wá.

Mo ṣàlàyé. 1952 ni òótọ́. 1955 ni ọjọ́ orí ìjọba. Gbogbo tíṣà ìgbà wa ló ní i.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ sọ òótọ́ ní kóòtù, Mà?"

Mo ní, "Wọ́n ti mú mi fi Bíbélì búra."

Èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mi látìbẹ̀rẹ̀, mo ti dé orí ìwé ẹ̀rí ìbí àbúrò mi kí ó tó dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má jẹ́ ká jẹ́wọ́ kọjá ibi tí wọ́n bi wá dé."

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Karùn-ún

Newtown lẹ́ẹ̀kejì: Roseline ti fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kún ìwé náà. Mo ní mo ń lọ ra aṣọ. Irọ́ kẹrin. Ìka kan ṣoṣo ni mo nà, takisí gbé mi tààrà. Inú mi dùn débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo ń lọ ṣe.

Nótárì ní lónìí kí n kà á sókè, kó lè dá òun lójú pé ó yé mi. Mo kà á bí mo ṣe máa ń ka ìwé fún kíláàsì. Ó lọ geere títí mo fi dé ibi fóònù. Ibi iṣu. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mo gbọ́ ohùn ìyàwó ọmọ mi tó ń sunkún, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ nítorí ìrẹsì mi fẹ́ jóná.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọmọ náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Eish, Mama." Ó lọ bu omi wá fún mi. Lẹ́yìn náà mo kà á tán, mo gbọ́wọ́ sókè, mo búra.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo wá a.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún

Ó ti tú.

Fèyíkẹ́ ń wá okùn fóònù rẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìwé ọlọ́pàá, òǹtẹ̀ mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì — kò sí èyí tí kò yé e. A ti jókòó sídìí oúnjẹ ọ̀sán nígbà tó gbé e wá, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo sàláàdì. Ó ní, "Grandma, is this true?"

Ọ̀dítọ̀ já a gbà. Ó ń kà á, ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó ní, "Irọ́ ni, Fèyíkẹ́. Màmá ti darúgbó." Mo ní, "Òótọ́ ni. Mo darúgbó, òótọ́ náà ni." Ọmọ náà dìde, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

Nígbà náà ni Ọ̀dítọ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní àbúrò òun ti kú, kò lè gbèjà ara rẹ̀, ìyá tó bí i ló ń wú u jáde kó lè nà án. Ó ní òun ló ń tọ́ ọmọ yìí, òun ló ń lọ sí ìpàdé òbí, òun ló ń purọ́ fún un pé gbogbo nǹkan máa dára. Ó ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ́ wa pé ká bo àṣírí ilé?" Èmi ni mo kọ́ wọn.

Ẹni Jẹ́jẹ́ gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Motúnráyọ̀. Ọdún yẹn, oṣù Kẹjọ, Tèmítáyọ̀ pè ẹ́. Èmi ni mo gbé fóònù fún ẹ. O ní kó fara dà á, pé Adé máa yí padà."

Gbólóhùn mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Fèyíkẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀dítọ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni Jẹ́jẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Karùn-ún

Fèyíkẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi láti yàrá kejì. Ó ní ṣé bàbá òun na òun náà rí. Mo ní rárá. Mo ní ó máa ń gbé e sórí ọrùn káàkiri ọjà, ó máa ń pè é ní ọ̀gá òun.

Òótọ́ ni. Mo dúpẹ́ pé òótọ́ ni. Bí kì í bá ṣe òótọ́, mo mọ ohun tí n bá ti kọ.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Karùn-ún

Ọ̀dítọ̀ wọ yàrá mi wá ní kùtùkùtù, ó ti múra ibi iṣẹ́. Ó jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìbúra mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi péńsùlù fàlà sí i kiri.

Ó ní, "Màmá, ìpínrọ̀ kẹsàn-án àti ìkẹrìnlá ta ko ara wọn. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, níbí ẹ kọ ìgbà kejì gẹ́gẹ́ bí ìgbà ìkẹyìn."

Mo ní ti ọlọ́pàá nìyẹn, mo ti tún un ṣe nínú ti nótárì. Ó mi orí. Ó tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ na etí ìwé náà tó ti ká.

Ó ní, "Nótárì yẹn, aago mélòó ló ń ṣí? Èmi náà ní ìpè kan láti sọ."

Mo dìde wọ bàtà. Mo ní mi ò mọ aago, ṣùgbọ́n mo mọ ìka tí wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún kó tó délẹ̀. Mo dì í mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti dì í mú gbẹ̀yìn. Egungun rẹ̀ le bíi ti bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Ìjọ gba àdúrà fún wa. Wòlíì ní kí iná ọ̀run jó àwọn adájọ́ márààrún ti Àbújà lórí àga wọn. Mo gbọ́wọ́ sókè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà kí wọ́n kàwé."

Ìjọ ṣe Àmín, ṣùgbọ́n kò ròkè tó ti iná.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹfà

Ìjókòó kóòtù. Gbogbo wa wà nílé, kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀dítọ̀ ní ikọ́ ń yọ òun lẹ́nu. Ẹni Jẹ́jẹ́ tú ẹ̀rọ amúlégbóná tí kò bàjẹ́, ó ń tò ó padà.

Roseline pè ní ọ̀sán. Ó ní lọ́yà ìjọba bú mi fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òpùrọ́ lòun, kí ni kóòtù fẹ́ fi ẹ̀rí rẹ̀ ṣe. Adájọ́ àgbà kan wá bi Roseline pé, ìyá yìí sọ ọ̀tọ̀ nígbà yẹn, ó ń sọ ọ̀tọ̀ báyìí, èwo ni ká gbà.

Mo ní, "Kí lo sọ?"

Ó ní, "Mo ní, Olúwa mi, nígbà tó sọ ti àkọ́kọ́, ó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Nígbà tó sọ ti ìkejì, ta ló ń dáàbò bò?"

Wọ́n ní kí wọ́n padà wá gbọ́ ìdájọ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje.

Ó dára. Nínú èsì rẹ̀ yẹn, olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe bára wọn lọ.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà

Ìsinmi ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́. Mo ń gbààwẹ̀. Ọ̀dítọ̀ ní ní ọjọ́ orí mi, kí n dín in kù. Mo ní ọjọ́ orí wo, ti ìjọba ni àbí ti gidi. Fèyíkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ sí mi láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹfà

Fèyíkẹ́ bi mí ní Yorùbá — ní Yorùbá — pé, "Ìyá mi, ṣé ó ga?" Mo ní ó ga. Mo ní ó máa ń tẹ orí ba tó bá fẹ́ wọ kíṣìnì mi. Ó lọ wọn ara rẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Keje

Mi ò ní nǹkan kan láti kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Keje

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago kọkànlá kọjá díẹ̀. Roseline pè, ó ń sunkún, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí mo rò pé a ti pàdánù. Ọ̀dítọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Sọ iye ẹ̀ fún mi." Nọ́ńbà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Wọ́n fagi lé ìdájọ́ ikú. Gbogbo àwọn adájọ́ márààrún. Wọ́n ní kì í ṣe pé ó dìídì pààyàn. Ó ń gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ó kọjá ààlà. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Ó ti ṣe é kọjá. Kó máa lọ sílé.

Ẹni Jẹ́jẹ́ jáde sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ tó ń kọrin. Mi ò mọ̀ pé ó mọ orin.

Wọ́n kọ nípa tèmi náà, Roseline kà á fún mi nígbà tí mo fi dandan lé e. Wọ́n ní mo mọ̀ọ́mọ̀ tan kóòtù jẹ, pé kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ wa kó wò ó bóyá ó yẹ kí wọ́n bá mi ṣẹjọ́. Roseline ní kí n má tíì wá sílé ná. Mo ní oṣù Kẹsàn-án ni tíkẹ́ẹ̀tì mi, n kò sì ní yí i padà. Bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, kí wọ́n wá pàdé mi ní pápákọ̀. Mo ní irun funfun, mo dà bíi sófà, wọn ò ní ṣì mí mọ̀.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo lọ wo fọ́tò Adéolúwa tó wà nínú Bíbélì mi. Mo bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje

Tèmítáyọ̀ pè, láti ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀dítọ̀ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó sọ "Jọ̀ọ́" nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù fún Fèyíkẹ́, ó dúró sí ọ̀nà kíṣìnì, ó di aṣọ tí a fi ń nu àwo mú bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi tọ́ ọmọ yẹn. Ó mọ ohun tí fóònù yẹn lè mú dání. Mo lọ dúró tì í.

Fèyíkẹ́ tilẹ̀kùn yàrá. Ogójì ìṣẹ́jú. A ò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà Yorùbá fífọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín. Ó ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti wú. Ó na fóònù sí mi. Ó ní, "She's asking for you."

Mo gbà á. Mo ti kọ ohun tí mo máa sọ sórí ìwé, ojú ìwé méjì, mi ò rí i mọ́. Mo ní, "Ìyàwó mi, ẹ—" Mo fi ẹ bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń kí àgbà. Kò ṣẹlẹ̀ rí. N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń dúró de èébú, mo ń dúró de ìdáríjì, mi ò mọ èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù.

Ó ní, "Màmá, ọmọ náà fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí. Ta ló ń di irun fún un?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ẹ máa ń fa iwájú orí rẹ̀ jù. Ẹ rọra máa ṣe é níbẹ̀. Ó máa ń dùn ún."

Mo ní mo ti gbọ́.